Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Kì í Ṣe Àdúrà

 Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí lè dun àwọn kan nínú wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó bínú sí mi.

Àwa tí à ń gbé ní Ilé-Ifẹ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni à ń gbé. Láti Lágere dé Sábó, ẹ kò ní ṣàì rí olùkọ́ yunifásítì kan tàbí ọmọ tó ń kàwé níbẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí àwọn onímọ̀ bá rí nípa wa kì í dé etí wa. Omi wà lámù, òùngbẹ ń gbẹ wá.

Ẹ wo ti Igbó Olókun. Ní ọdún 2011 sí 2012, Abidemi Babalola, ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Yunifásítì Rice ní Amẹ́ríkà nígbà náà, wa ilẹ̀ níbẹ̀. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ dígí tó lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù àwọn ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ dígí. Nígbà tí wọ́n yẹ dígí náà wò fínnífínní, èròjà inú rẹ̀ kò bá ti Yúróòpù mu, kò sì bá ti ilẹ̀ Lárúbáwá mu. Àwọn baba wa ló ṣe é fúnra wọn, láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń rò pé ńṣe ni Ifẹ̀ ń yọ́ dígí tí wọ́n kó wá láti òkèèrè. Ọdún 2017 ni àbọ̀ ìwádìí náà jáde. Ẹ̀yin mélòó lẹ gbọ́ ọ? Ẹ sì wo Ẹdẹ tí kò jìnnà sí wa. Yunifásítì Redeemer's, tí ìjọ Redeemed dá sílẹ̀, ìjọ elẹ́mìí bíi tiwa, ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti túmọ̀ àkọsílẹ̀ inú kòkòrò Kòrónà ní oṣù Kẹta ọdún 2020, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ní àkókò yẹn gan-an, àwọn kan nínú wa ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù pé òpó 5G ló ń pa ènìyàn. Èmi náà rí i gbà, n kò sì dá a dúró.

Ṣùgbọ́n n kò tìtorí ìlẹ̀kẹ̀ mú kálámù, n kò sì tìtorí Kòrónà. Ìwádìí kan wà tó kan àwa tí à ń gbàdúrà fún aláìsàn gan-an, kò sì sí pásítọ̀ kan tí mo bi tó mọ̀ nípa rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti ní Gánà ló ṣe é, ní Ìbàdàn àti ní Kumasi. Kì í ṣe ilé ìwòsàn ni wọ́n ti lọ wá àwọn aláìsàn. Ilé àwọn wòlíì, pásítọ̀ àti oníṣègùn ìbílẹ̀ tó ń gba àwọn tí orí wọn dàrú ni wọ́n lọ. Aláìsàn 307 ni wọ́n gbà wọlé sínú ìwádìí náà, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016 sí oṣù Karùn-ún ọdún 2017. Wọ́n ṣẹ́ kèké, wọ́n pín àwọn ilé ìtọ́jú náà sí apá méjì. Ní apá kìíní, tó ní aláìsàn 166, wòlíì tàbí oníṣègùn ń ṣe tirẹ̀ lọ, òṣìṣẹ́ ìlera láti ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà nítòsí sì ń wá bẹ aláìsàn wò níbẹ̀. Ó ń fún un ní oògùn, ó sì ń bá onílé sọ̀rọ̀ nípa ohun tí kò yẹ kí ènìyàn ṣe sí ènìyàn. Ní apá kejì, tó ní aláìsàn 141, kò sí irú àjọṣe bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń mọ bí àìsàn náà ṣe le tó. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni àìsàn ṣe le tó. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, apá méjèèjì wà ní nǹkan bíi 108. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, apá tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 53, apá kejì wà ní nǹkan bíi 68. Ìnáwó ìtọ́jú náà sì dínkù ní apá kìíní ju ti apá kejì lọ. Ìwé ìròyìn àwọn dókítà tó ń jẹ́ The Lancet ló gbé e jáde ní ọdún 2020.

Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tí mo wí. Ara àwọn ti apá kejì náà fúyẹ́, n kò gbọdọ̀ fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Ìlòkulò aláìsàn pàápàá, apá méjèèjì ló ti dínkù, kì í ṣe apá kan ṣoṣo. Bóyá nítorí pé ojú ń wò wọ́n ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí nọ́ọ̀sì àti pásítọ̀ jọ tọ́jú ló gbádùn jù. Ẹnikẹ́ni kò sì ní kí pásítọ̀ má gbàdúrà mọ́. Wọn kò ti ilé àdúrà kankan pa. Ńṣe ni nọ́ọ̀sì kan ilẹ̀kùn, tí onílé sì ní kó wọlé.

Mo mọ ìyá kan ní àdúgbò wa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní ọdún kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ gíga nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Wọ́n gbé e lọ sí ilé àdúrà kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ó mọ́ òpó, wọ́n sì fi ààwẹ̀ sí i lọ́rùn láìbi í léèrè. Nígbà tí mo lọ kí i, ojú ọgbẹ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń rùn. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi etí ìró rẹ̀ lé eṣinṣin. Mo gbàdúrà, mo fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà lé ìyá náà lọ́wọ́, mo sì lọ sílé. Gbogbo ohun tí mo ṣe nìyẹn. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí sí yín, n kò bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé tí wọ́n fi dè é.

Àbúrò ìyá náà, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló wá fi ìjà gbé e kúrò níbẹ̀ lọ sí ọsibítù. Lónìí, ó ń tún fóònù ṣe, ó ń jẹun lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó sì ń lo oògùn rẹ̀. Ó ń wá sí ìsìn, ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó. Ṣùgbọ́n inú ike gàrí ni ìyá rẹ̀ ń fi oògùn náà pamọ́ sí kí ará ìjọ tó bá wá kí wọn má baà rí i. Ó ní wọ́n á sọ pé ìgbàgbọ́ òun kò tó.

Ẹ gbọ́ ná. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà nínú wa ń lo oògùn rẹ̀ ní gbangba. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àwa náà la máa ń bi í pé, "Màmá, ṣé ẹ ti lo oògùn yín?" Kí ló wá dé tó jẹ́ pé tó bá ti di ti orí, oògùn di ẹ̀ṣẹ̀?

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ìhìn Rere Máàkù, orí karùn-ún, kí ẹ wo ọkùnrin ilẹ̀ Gádárà náà. Ta ló fi ẹ̀wọ̀n dè é? Àwọn ará ìlú ni. Wọ́n dè é léraléra, kò sì wò ó sàn. Nígbà tí Jésù dé, kò béèrè okùn, kò ní kí wọ́n fi ebi pa á. Orúkọ ló bi í. Nígbà tí àwọn ènìyàn sì padà rí ọkùnrin náà, aṣọ wà lára rẹ̀, ó jókòó jẹ́ẹ́, orí rẹ̀ pé. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí orí Bíbélì yìí ju ogún lọ, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ni gbogbo wọn ń sọ. N kò tíì gbọ́ ọ̀kan lórí ẹ̀wọ̀n.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, nígbà tí ọlọ́pàá ya wọ ilé kéwú kan ní Kàdúná tí wọ́n sì kó ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn jáde nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, a mi orí níbí, a ní, "Ẹ ò rí àwọn yẹn?" Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni àjọ Human Rights Watch gbé àbọ̀ tiwọn jáde. Wọ́n ti dé ibi 28 ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ àti Àbújá. Ilé kéwú wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ilé ìwòsàn ìjọba wà nínú rẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì náà wà nínú rẹ̀. Wọ́n bá ẹni tí wọ́n ti dè fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n bá ẹni tí tirẹ̀ ti di ọdún.

Ẹlòmíràn á ní ìwádìí Ìbàdàn yẹn da pásítọ̀ pọ̀ mọ́ babaláwo. Bẹ́ẹ̀ ni. Kò dùn mọ́ èmi náà nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí wọ́n dè mọ́ òpó, ìyàtọ̀ wo ló wà láàrin ẹ̀wọ̀n pásítọ̀ àti ẹ̀wọ̀n babaláwo? Ẹlòmíràn á ní ọsibítù wọ́n, ó jìnnà, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì máa ń kanra mọ́ ènìyàn. Òtítọ́ ni. Dókítà ọpọlọ kò pọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí rárá, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹbí fi ń kọ́kọ́ sáré tọ pásítọ̀ lọ. Nítorí náà gan-an ni mo ṣe ń kọ ọ́ sí àwa, n kò kọ ọ́ sí ọsibítù. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé wọn wá.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé àṣà òyìnbó ni. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aró, níbi tí aláìsàn ti ń gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ ní abúlé tó wà lẹ́bàá ọsibítù, tó ń rìn, tó ń ṣiṣẹ́, tó sì ń wá gba ìtọ́jú. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra nínú iṣẹ́ náà. Nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé fi ìlú mẹ́sàn-án wéra lẹ́yìn náà, Ìbàdàn wà lára wọn pẹ̀lú London, Moscow àti Washington, àwọn aláìsàn Ìbàdàn ló sì gbádùn ju ti àwọn ìlú ńlá olówó wọ̀nyẹn lọ lẹ́yìn ọdún méjì. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹbí tó dúró tì wọ́n wà lára ohun tó fà á. Ẹbí kọ́ ni ìjọ jẹ́ ni?

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwọn ìyá àgbà kún un. Àwọn onímọ̀ Ìbàdàn, tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, fi àwọn àgbà Yorùbá tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wé àwọn aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àbọ̀ tó jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé lọ́dọọdún, nínú 1,000 àgbà, nǹkan bíi 13 ni àìsàn ìgbàgbé ń kọ lù ní Ìbàdàn, ó sì ń tó 32 ní Indianapolis. Tiwa kéré, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó wà. Ìyá tó jáde lóru tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, tó ń fi orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ rẹ̀, Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un tipẹ́: ó ń ṣarán. Ta ló wá kọ́ wa láti máa fipá mú irú ìyá bẹ́ẹ̀ jẹ́wọ́ àjẹ́ níwájú pẹpẹ?

Òfin náà ti yí padà. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tó rọ́pò òfin wèrè ọdún 1958. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dé ẹ̀yìnkùlé gbogbo ilé àdúrà. Àwa lè dé ibẹ̀. Ẹgbẹ́ wa ní àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n mọ ara wọn. Mo ń bẹ àwọn alàgbà kí wọ́n yan ọjọ́ kan lóṣù, kí nọ́ọ̀sì kan àti alàgbà kan máa lọ kí àwọn ilé àdúrà tó ń gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, ní Ifẹ̀ àti ní Modákẹ́kẹ́. Kí wọ́n má ṣe bá ẹnikẹ́ni jà. Kí wọ́n mú ọṣẹ àti oúnjẹ dání, kí wọ́n sì béèrè ohun tí èmi kò béèrè lọ́jọ́ náà. Mo tún ń bẹ àwọn pásítọ̀ wa kí wọ́n jẹ́ kí ẹni tí oògùn orí ń ṣiṣẹ́ fún jáde wá jẹ́rìí bí ẹni tó rí físà gbà ṣe ń jẹ́rìí.

Mo ka ìwé yìí sí ìyá tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ létí kí n tó fi ránṣẹ́, ó sì gbà kí n kọ ọ́. Mo wá bi í bóyá yóò gbé oògùn náà jáde kúrò nínú ike gàrí báyìí. Ó ní ó di ìgbà tí pásítọ̀ bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.