Sapara Williams kì í ṣe ti Èkó nìkan

Ní ọdún 1904, agbẹjọ́rò kan tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó bèèrè pé kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tún ààlà Àríwá Nàìjíríà fà, kí gbogbo àwọn tó ń sọ Yorùbá lábẹ́ àṣíá wọn, títí dé Ìlọrin, lè wà lábẹ́ àkóso kan ṣoṣo. Christopher Sapara Williams lorúkọ rẹ̀. Wọn kò gbà fún un. Síbẹ̀, lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ló tóbi jù nínú gbogbo iṣẹ́ ayé rẹ̀, ó sì kan àwa ará Ṣábẹ ní orílẹ̀-èdè Benin gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ wa kò sí nínú ohun tó ń bèèrè.

Sàró ni wọ́n ti bí i ní 1855, nínú ìdílé Ìjẹ̀ṣà tí òwò ẹrú gbé kúrò nílé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1879, ó gboyè lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, lọ́yà tó kàwé gboyè ṣọ̀wọ́n ní Èkó débi pé ilé ẹjọ́ ń gba àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ òfin láyè láti máa bá èèyàn rojọ́. Ẹni tó dé láàárín irú wọn pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí Lọ́ńdọ̀nù lè fara balẹ̀ kówó jọ láìbá ìjọba fa ohunkóhun. Ṣùgbọ́n láti 1901, nígbà tó wọ ìgbìmọ̀ aṣòfin, títí tó fi kú ní 1915, kò dákẹ́. Ní 1905 ó wà ní Ìlú Ọba, ó ń rọ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1909, nígbà tí ìjọba gbé òfin kalẹ̀ láti fi pa ẹnu àwọn oníwèé ìròyìn mọ́, ó dìde lòdì sí i.

Àwọn kan á ní gómìnà ló yàn án, ta ló wá ń ṣojú fún? Òótọ́ ni pé kò sẹ́ni tó dìbò fún un. Ìbò kò wọ ìgbìmọ̀ náà títí di 1923. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n yàn tún lè panu mọ́ kí àga má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tún ní kò rí èyí tó bèèrè gbà: òfin 1909 kọjá, ààlà 1904 kò yẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo èsì tí wọ́n fún un. Wọ́n ní àyípadà náà kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ àkóso já gaara. Ìbéèrè rẹ̀ ló mú kí wọ́n jẹ́wọ́ pé nítorí ìrọ̀rùn àwọn alákòóso ni ààlà ṣe wà níbi tó wà, pé wọn kò ro ti àwọn tó ń gbé inú rẹ̀.

Èyí ló kan Ṣábẹ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ síwèé ní Paris, wọ́n sì la ilẹ̀ wa láti etí òkun lọ sókè. Ọba Ṣábẹ kò sí níbẹ̀. Kétu ńkọ́, tí ogun Dáhòmì ti fọ́ ní 1886? Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìhà tiwa, lábẹ́ Faransé, kò sí àga ìgbìmọ̀ aṣòfin tí lọ́yà ọmọ ilẹ̀ lè jókòó sí láti bèèrè ìdí rẹ̀. Nígbà tí Kojo Tovalou Houénou, agbẹjọ́rò ọmọ Pọ́tónóvò, dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1924 láti gbèjà àwọn èèyàn dúdú, Paris ló ti dá a.

Àbùkù Sapara Williams ni pé kò fọwọ́ kan ilà 1889. Inú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ti sọ̀rọ̀. N kò ní bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tí èdè kan náà bá tó ìdí láti da Ìlọrin àti Èkó pọ̀, ìdí náà kò lè kú sí ààlà Ìmẹ̀kọ. Mi ò sọ pé ká máa fa ààlà tuntun lónìí. Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí ilé ẹ̀kọ́ Ṣábẹ àti ti Ìsẹ́yìn kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé àdéhùn 1889 àti ìbéèrè 1904 pa pọ̀, lórí àwòrán ilẹ̀ kan náà.