Ẹ Má Ta Ìsinmi Yín

Ohun tí àwọn kan ń sọ nípa wa ti dé etí wa. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwa tọkọtaya ti gba owó ìfẹ̀yìntì, ṣe ni a ń rin ìrìn kiri bí ọmọdé tó rí owó ọdún: òní Ìbàdàn, ọ̀la Ifẹ̀, ọ̀tunla Òṣogbo. Wọ́n ní owó tó yẹ kí àgbàlagbà fi ra ilẹ̀ ni a fi ń wo ère. Nítorí pé ọmọ ẹgbẹ́ kan náà ni gbogbo wa, ojú ìwé yìí ni a ó ti dá wọn lóhùn.

Ọ̀kan nínú wa lo ọdún 31 nídìí iná níbi ìyọ́rin. Èkejì dúró ti ẹ̀rọ ìhunṣọ fún ọdún 26, àti ṣíìfù òru pẹ̀lú. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí ẹ bá rí wa tí a wọ ọkọ̀ jáde kúrò ní Èkó, òkú ni a ń lọ sin, tàbí ọmọ ni a ń lọ kó jáde. Nígbà tí a wá dé ilé ọmọ wa obìnrin ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kan tí kò sí ayẹyẹ kankan, kò tíì kúnlẹ̀ tán tó fi bi wá pé, "Bàbá, Màmá, ṣé kò sí o? Ta ló kú?" A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn wá dé ọkàn. Ọmọ tí a bí kò mọ̀ pé òbí òun lè wá kí òun lásán.

Rélùwéè ni a wọ̀ lọ, láti Ẹ̀búté Mẹ́tta dé Mọ́níyà, lórí ojú irin tuntun oníkìlómítà 157 tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Kí a tó wọ ọkọ̀, a yà sí Jaekel House nínú ọgbà rélùwéè níbẹ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn òyìnbó kọ́ ní 1898, tí wọ́n tún ṣe ní 2010, tí wọ́n sì kó àwòrán àti ohun èlò rélùwéè àtijọ́ sí. A ronú kan Michael Imoudu àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tó wà lára àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945 fún ohun tó lé ní oṣù kan, nítorí pé owó iṣẹ́ wọn kò tó jẹun mọ́. Nínú àwa tí a ń pariwo orúkọ Imoudu ní Ọjọ́ Òṣìṣẹ́, ẹni mélòó ló ti ya ibẹ̀ rí?

Ní Ìbàdàn, a kó àwọn ọmọ-ọmọ wa lọ sí ọgbà Agodi, èyí tí àgbàrá Ògùnpa bà jẹ́ ní 1980, tí wọ́n wá tún ṣe lẹ́yìn náà. A jókòó sábẹ́ igi, a jẹ ẹ̀pà. Ibẹ̀ tutù, kò sì sí ariwo ẹ̀rọ. Ó tán.

Ifẹ̀ ni a ti rí ohun tí a kò lè gbàgbé. Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1954 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, a dúró níwájú orí idẹ kan títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá. Àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ni ọkọ́ wọn kan irú àwọn orí wọ̀nyí nínú ilẹ̀. Àwọn lébìrà ni o, kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹni tó bá ti yọ́ irin rí ló lè mọ iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ inú rẹ̀. Wọ́n á fi ìda oyin ya ojú, imú àti ètè sí ara amọ̀ náà, wọ́n á sì tún fi amọ̀ mìíràn bò ó. Bí wọ́n bá fi iná sí i, ìda á yọ́ jáde, àyè rẹ̀ á ṣófo, ibẹ̀ ni wọ́n á da idẹ gbígbóná sí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bó bá bàjẹ́, ìda ti lọ, àárẹ̀ ọwọ́ ti lọ. Àwọn iṣẹ́ kan tilẹ̀ wà nínú wọn, bí ìbòjú Ọbalùfọ̀n, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́ńbélé. Bàbà kì í yọ́ àfi bí ooru bá lé ní 1,080 dìgírì, kì í sì í ṣàn wọ kọ̀rọ̀ bí idẹ. Ó máa ń gba atẹ́gùn mọ́ra, ihò á sì yọ sí i lára. Àwa tí a ní ẹ̀rọ tó ń wọn ooru iná, ẹ̀ẹ̀melòó ni a da ohun tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ tó yọ ihò, tí fọ́mànù sì bú wa bí ẹní bú ọmọ ọ̀dọ̀? Àwọn wọ̀nyí fi ẹwìrì ṣe é ní nǹkan bí 600 sí 800 ọdún sẹ́yìn. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ iná nínú wa kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Èkejì ló fà á lọ́wọ́ kúrò níbẹ̀. Fún ọdún 31 ni wọ́n fi pè é ní lébìrà. Kò sí ẹni tó sọ fún un rí pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ní baba ńlá.

Láti Ifẹ̀ a kọjá sí Òṣogbo, a lọ kí ọ̀rẹ́ wa kan, awakọ̀ tó ná ọ̀nà Èkó sí Òṣogbo fún ọdún 28. A ní kí ó jẹ́ kí a jọ lọ sí igbó Òṣun. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì sókè, ó sì jẹ́ kó já bọ́. Rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá kan. Ó ní, "Èrò tí mo ti gbé wá sí ọdún Òṣun kò níye. Èmi fúnra mi kò dé etí odò rí. Páàkì ni mo máa ń sùn, kí n lè gba tọ́ọ̀nù àkọ́kọ́ láàárọ̀."

Àwa méjèèjì nìkan la lọ. UNESCO ti kọ igbó náà mọ́ ogún àgbáyé láti 2005. Lára àwọn tó bá Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ṣe àwọn ère ibẹ̀ ni Adébísí Àkànjí, ẹni tó jẹ́ bíríkìlà. Nígbà tí a padà dé, a ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ wa. Ó bi wá bóyá omi odò náà pọ̀.

Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ tó bá ṣiṣẹ́ máa ń fún un lówó dípò ìsinmi lọ́dọọdún, ó sì máa ń gbà á. Àwa náà gba irú owó bẹ́ẹ̀, a kò dá ara wa láre. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: Òfin Òṣìṣẹ́ ti 1974, ní apá kejìdínlógún, sọ pé bí òṣìṣẹ́ bá ti pé oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́, ìsinmi rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, pẹ̀lú owó rẹ̀ pé. Òfin kan náà ló ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ san owó dípò rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí òṣìṣẹ́ náà bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá tó ń ra ìsinmi yín kò ṣe yín lóore. Òfin ló ń rú.

A mọ ohun tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ yóò sọ. Owó ilé ìwé ọmọ ńkọ́? Òótọ́ ni, a ti jẹ nínú ìyà náà. Owó oṣù ni kí ẹ bá ọ̀gá jà lé lórí, ẹ má fi ẹsẹ̀ yín dí àlàfo rẹ̀. Ní ti àwọn tó ń bínú sí owó wa, ilé ẹbí ni a ń sùn, gààrí wa ni a sì ń gbé dání. Yàrá méjì tí a ní ní Ìkòròdú tó wa. A kò fẹ́ ra ilẹ̀ tí a kò ní lè rìn dé.

Ohun méjì ni a fẹ́ kí ìpàdé tó ń bọ̀ gbé yẹ̀ wò. Èkíní, kí ẹ̀ka wa kọ̀wé sí gbogbo ọ̀gá pé títa ìsinmi ti dópin. Èkejì, kí a yọ ìdajì nínú owó àsè ìparí ọdún, kí a fi gba bọ́ọ̀sì kan lọ sí Ifẹ̀, kí àwọn tó wà níbi ìyọ́rin lọ fi ojú ara wọn rí orí idẹ yẹn.

Ní tiwa, Ẹ̀sìẹ́ ló kàn. Ibẹ̀ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà láti 1945, ọdún ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá nì, ère òkúta tó wà nínú rẹ̀ sì lé ní ẹgbẹ̀rún. Ọ̀dọ̀ àbúrò wa kan ní Ọ̀fà ni a ó sùn. A ti tètè ránṣẹ́ sí i pé kò sí ẹni tó kú.