Ẹ Yé Fi Òòlù Bá Bóòtù Sọ̀rọ̀

1/ Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀yin tèmi. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí máa bí àwọn mẹkáníìkì kan nínú, ó sì máa bí ẹ̀yin oníbàárà náà nínú. Kò burú. Bóòtù tó há sára máṣíìnì kì í dédé bàjẹ́. Àwa èèyàn la máa ń bà á jẹ́. Ẹ jókòó. 🧵

2/ Mo ra gáàdì fún máṣíìnì mi, irin tó máa ń gba ẹsẹ̀ èèyàn sílẹ̀ bí máṣíìnì bá ṣubú. Bóòtù mẹ́rin la máa tú, ká gbé gáàdì sí i, ká dá bóòtù padà, ó parí. Mo ní tó bá fi máa tó ogún ìṣẹ́jú, màá ti máa lọ ilé. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo débẹ̀. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni mo kúrò, gáàdì ṣì wà lọ́wọ́ mi.

3/ Bóòtù mẹ́ta jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀kẹrin há. Bọ̀dá mẹkáníìkì fi sípánà 13 sórí bóòtù tó jẹ́ 12. Mo ní, "Bọ̀dá, ṣé ìyẹn ò tóbi jù?" Wọ́n ní, "Àǹtí, ẹ lọ jókòó síbẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ọkùnrin lèyí." Sípánà yọ̀. Wọ́n mú píláyà. Píláyà họ orí bóòtù. Wọ́n mú òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì. Gbà! Gbà! Gbà! Orí bóòtù fò dànù, ìyókù wà nínú ara ẹ́ńjìnnì bíi kùkùté igi.

4/ Wọ́n wá wò mí lójú, wọ́n ní, "Ẹ má wulẹ̀ dààmú. Mẹ́ta ti tó. A máa fi wáyà de ìyókù." Wáyà! Irin tí mo fẹ́ kó gba ẹsẹ̀ mi sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá ṣubú, wáyà la fẹ́ fi dè é. Mo ní rárá o. Mo gbé gáàdì mi, mo lọ.

5/ Owó tí mo san fún wẹ́ẹ́dà tó bá mi yọ kùkùté yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó gáàdì fúnra rẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo sì sọ fún, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: "Bóòtù yẹn ti gbó ni." "Ó ti dípẹtà." "Agbára ló ń fẹ́." Agbára kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tó mú bóòtù há.

6/ Àkọ́kọ́, ìpẹtà. Bí irin bá dípẹtà, ìpẹtà yẹn máa ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ. Ó máa wá kún inú tírẹ́ẹ̀dì dí pinpin. Ẹ̀kejì, bóòtù irin tó wọ inú alumíníọ̀mù. Bí omi bá ti dé àárín àwọn méjèèjì, pàápàá omi tó níyọ̀ nínú, alumíníọ̀mù á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà díẹ̀díẹ̀, á sì di bóòtù mú. Ara ẹ́ńjìnnì máṣíìnì, alumíníọ̀mù ló pọ̀ níbẹ̀.

7/ Ẹ̀kẹta, gúlúù tí wọ́n fi sí tírẹ́ẹ̀dì láti iléeṣẹ́ kó má baà tú fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, ẹnì kan ti fi páìpù gígùn sí ìdí sípánà lọ́jọ́sí, ó fún un ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ sọ fún mi, èwo ni ṣísẹ́ẹ̀lì wò sàn níbẹ̀? Kò sí. Ńṣe la kàn ń na aláìsàn.

8/ Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í ń le koko. Ó dà bíi pé ẹ̀yìn mẹkáníìkì tó ń tú bóòtù ni wọ́n dúró sí nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

9/ Nǹkan tó yẹ ká ṣe rèé. Fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gé ìdọ̀tí àti ìpẹtà kúrò lára rẹ̀. Fọ́n epo tó ń wọ inú ìpẹtà sí i, irú WD-40 tàbí èyí tó dáa jù ú lọ tí wọ́n dìídì ṣe fún bóòtù tó há. Fi òòlù kékeré kan orí bóòtù náà jẹ́jẹ́, kí epo lè rọ́nà wọlé. Lẹ́yìn náà, FI SÍLẸ̀. Kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún. Jẹ́ kó sùn mọ́jú.

10/ Bó bá di àárọ̀, má kọ́kọ́ tú u. Fún un díẹ̀ ná, bí ẹni fẹ́ dè é sí i, kí ìdè ìpẹtà yẹn lè já. Ìgbà náà ni kó o wá tú u. Bó bá gbà díẹ̀ tó tún le, má fipá mú un, dá a padà sẹ́yìn, fọ́n epo sí i, kó o tún tú u. Síwá, sẹ́yìn, síwá, sẹ́yìn. Ó máa jáde.

11/ Irinṣẹ́ ńkọ́? Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ni kó o lò fún bóòtù tó le, má lo onígun méjìlá. Ti onígun mẹ́fà máa ń gbá ẹ̀gbẹ́ bóòtù mú. Igun tín-ín-rín ni ti onígun méjìlá máa ń mú, ìdí nìyẹn tó fi máa ń họ ọ́. Sípánà 13 lórí bóòtù 12? Ìyẹn ti di ìwà ọ̀daràn o, ẹ má bínú.

12/ Èyí tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: sikirúù onísítáà tó wà lára àwọn máṣíìnì Jàpáànì kì í ṣe irú èyí tí sikirudiráfà ọjà wa ṣe fún. JIS ni wọ́n ń pè é. Òmíràn máa ń ní àmì tótó kékeré kan lórí. Bí o bá fi sikirudiráfà Phillips tẹ̀ ẹ́, ńṣe lá máa gun òkè jáde, á sì jẹ orí sikirúù náà. Ẹ wá ní sikirúù ò dáa. Sikirudiráfà yín ni kò bá a mu!

13/ Àti pé kí ẹ tó fi gbogbo ara fà á, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibi tó yẹ lẹ ń yí i sí? Lára ọ̀pọ̀ máṣíìnì Yamaha, bóòtù dígí ọwọ́ ọ̀tún, òdìkejì ló ń yí. Ìwọ rò pé ò ń tú u, o sì ń dè é. Mélòó nínú dígí tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ló ti kan báyìí?

14/ "Ṣé kí a wá ju òòlù nù ni?" Rárá. Òòlù ò jẹ̀bi. Irin kan wà tí wọ́n ń pè ní impact driver. Bí o bá fi òòlù lù ú lórí, ó máa sọ ìlù yẹn di yíyí, á sì tẹ̀ mọ́ sikirúù lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ òòlù nìyẹn. Ògún ló ni irin, a gbà, àmọ́ èmi ò gbọ́ ibi tí Ògún ti ní ká máa fi ṣísẹ́ẹ̀lì gé orí bóòtù oníbóòtù.

15/ Iná náà wúlò. Bí iná bá kan alumíníọ̀mù, ó ń wú tó bí ìlọ́po méjì irin. Torí náà, ara ẹ́ńjìnnì tó yí bóòtù ká ni kó o mú gbóná, kó lè yà fún un. Gúlúù pupa tó le yẹn náà, ó máa ń fẹ́ tó bíi 250°C kó tó rọ̀. Àmọ́ ẹ yọ táǹkì epo kúrò ná! Ẹ nu epo tí ẹ ti fọ́n sí i kúrò. Má jó ilé nítorí bóòtù.

16/ Ẹ má sì da epo bíréèkì sí bóòtù nítorí pé òun ló wà nítòsí. Ó máa ń ṣí ọ̀dà kúrò lára máṣíìnì. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀gbẹ́ bíréèkì lẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí epo kankan kan dísíìkì tàbí páàdì. Ẹni tó tú bóòtù tán tí kò lè dúró mọ́, kí lèrè ẹ̀?

17/ Tó bá wá já ńkọ́? DÚRÓ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń burú gan-an nìyẹn. Irin tí wọ́n fi ń yọ kùkùté bóòtù le gan-an. Bó bá dá sínú ihò, dírílì lásán ò ní lè gé e. Ìṣòro kan ti di méjì. Wẹ́ẹ́dà tó mọṣẹ́ máa jó nọ́ọ̀tù mọ́ orí kùkùté yẹn, ooru iná á tú ìpẹtà, a ó sì fi sípánà yí nọ́ọ̀tù náà jáde. Bí wọ́n ṣe yọ tèmi nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ yọ okùn bátìrì o.

18/ Ó yá, ó kan èmi àti ẹ̀yin. Mo mọ ohun tí àwọn mẹkáníìkì máa sọ: "Àǹtí, ta ló fẹ́ dúró mọ́jú? Oníbàárà ń pariwo lórí wa." Òótọ́ ni! Oníbàárà máa dé, á ní òun fẹ́ lọ báyìí báyìí. Ẹni tó ń fi máṣíìnì gbé ẹrù fún àwọn èèyàn, ọjọ́ kan tí kò bá ṣiṣẹ́, ebi ni. A sì máa ń dúnàádúrà lórí owó iṣẹ́ bí ẹni ń ra tòmátì. Ẹni tí ẹ ò sanwó sùúrù fún, kò lè ní sùúrù fún yín.

19/ Èmi gan-an jẹ̀bi. Mo ti ṣe fídíò rí níbi tí mo ti tú bóòtù. Mo fọ́n epo, mo gé fídíò, bóòtù jáde. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Òru ọjọ́ kan gbáko ni mo gé kúrò láàárín, torí pé ẹ ò ní dúró wò ó. Ẹnì kan wo fídíò yẹn, ó lọ ṣe bẹ́ẹ̀, ó já bóòtù ẹ̀, ó wá bú mi. Ó tọ́ sí mi.

20/ Ṣùgbọ́n àwíjàre "kò sí àkókò" yẹn ò tún dúró. Epo yẹn ò ní kí ẹ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbé gáàdì, kárà ẹ̀yìn tàbí àpótí ẹrù sórí máṣíìnì lọ́jọ́ Sátidé, láti Ọjọ́rú ni kí ẹ ti máa fọ́n epo sí bóòtù wọ̀nyẹn lálaalẹ́ kí ẹ tó sùn. Ẹ máa gùn ún lọ síbi iṣẹ́ yín. Ooru ẹ́ńjìnnì àti gbígbọ̀n rẹ̀ á máa bá yín ṣe é. Kò gba wákàtí kan lọ́wọ́ yín.

21/ Bí ẹ bá ń dá bóòtù padà, ibẹ̀ ni ẹ ti ń pinnu bóyá ẹlòmíì máa sunkún lọ́la. Nu tírẹ́ẹ̀dì. Fi gírísì díẹ̀ sí i, àfi bóòtù tí iléeṣẹ́ bá ní kí wọ́n fi gúlúù sí. Ìka ni kó o kọ́kọ́ fi yí i wọlé, kì í ṣe sípánà. Bóòtù M6, tí sípánà 10 máa ń tú, bíi 10 Nm ló ń fẹ́. Ọrùn ọwọ́ ló ń ṣe ìyẹn, kì í ṣe èjìká.

22/ Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, mo bẹ̀ yín. Ọmọ iṣẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ yín lónìí, ohun tó bá kọ́kọ́ rí lọ́wọ́ yín ló máa gbé dàgbà. Bó bá jẹ́ òòlù ló rí, òòlù ló máa fi bá bóòtù gbogbo àdúgbò sọ̀rọ̀ fún ogún ọdún.

23/ Ẹ̀yin oníbàárà, bí ẹ bá rí ṣísẹ́ẹ̀lì lórí bóòtù yín kí epo tó kàn án, ẹ gba máṣíìnì yín, ẹ máa lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó torí pé obìnrin ni yín, ẹ dìde. Ẹsẹ̀ yín ló wà lẹ́yìn gáàdì yẹn.

Mo ti sọ tèmi. Ẹ tag mẹkáníìkì yín, kẹ́ ẹ wá bú mi níbí.