Kọ̀ǹpútà Tí Kò Jí Kò Tíì Kú

Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ kọ́ ni mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà inú ilé ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé kan ṣe àpẹẹrẹ ní Igbó-Ọrà, ìlú tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì. Àwòrán ìsọmọlórúkọ ìbejì ilé náà wà nínú kọ̀ǹpútà wọn. Iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ wọn àgbà, tó ń lọ sí Adeseun Ogundoyin Polytechnic ní Èrúwà, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Iná lọ lójijì nígbà tí wọ́n ń lò ó. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n tàn án, kò jí. Ẹ̀rù ba ìyá, wọ́n sì sáré gbé e lọ bá ẹni àkọ́kọ́ tó ní òun lè tún un ṣe. Onítọ̀hún nu gbogbo inú rẹ̀ nù, ohun tí wọ́n ń pè ní “format”. Kọ̀ǹpútà jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwòrán ti lọ, iṣẹ́ ọmọ ti lọ.

Ẹ gbọ́ mi o: ara kọ̀ǹpútà lọ́tọ̀, ẹrù inú rẹ̀ lọ́tọ̀. Inú hard disk ni ẹrù wà, nígbà púpọ̀ ibòmíràn sì ni àìsàn wà. A kì í tìtorí kọ́kọ́rọ́ tó sọnù dáná sun yàrá. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹsẹẹsẹ, bí ẹ ti ń yẹ ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wò.

Èkíní, bí kò bá tan iná kankan, ẹ ki ṣájà fóònù bọ ojú iná kan náà. Bí fóònù kò bá gba iná, kọ̀ǹpútà kò jẹ̀bi. Bí ó bá jẹ́ laptop, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì bí ó bá ṣeé yọ, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ tó dá iná padà. Bí ó bá jẹ́ ti orí tábìlì, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Òmíràn ní bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120 volt, tiwa jẹ́ 230. Bí kò bá sí lórí 230, iná yóò jó o. Ẹ má sì tú àpótí iná inú rẹ̀ fúnra yín, nítorí iná a máa fara pamọ́ síbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti yọ wáyà.

Èkejì, bí fáànù bá ń yí ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ wo wáyà tó so ojú mọ́ àpótí. Bí ó bá ń ké “píì, píì”, ó ń ròyìn àìsàn rẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ RAM, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń rántí ohun tó ń ṣe lọ́wọ́. Eruku ọyẹ́ lè bò ó. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ wáyà, ẹ fọwọ́ kan irin ara rẹ̀, kí ẹ tó yọ RAM. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu etí rẹ̀ tó dà bí wúrà, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ padà títí yóò fi dún “kẹ́”.

Ẹ̀kẹta, bí aago rẹ̀ bá ń padà sí ọdún àtijọ́, bátìrì pẹlẹbẹ kan, CR2032, ló ti rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá kọ “No bootable device” sójú, kò rí ibi tí yóò ti jí ni. Ẹ yọ flash tí ọmọdé gbàgbé sára rẹ̀, kí ẹ tún un tàn. Bí kò bá yí padà, wáyà hard disk lè tú, Windows lè bàjẹ́, tàbí kí hard disk fúnra rẹ̀ máa ṣàìsàn. Bí ẹ bá gbọ́ tó ń dún “kọ́, kọ́, kọ́”, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì tàn án mọ́. Títàn án léraléra lè ba ẹrù inú rẹ̀ jẹ́ pátápátá.

Nígbà tí ẹ bá wá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò tún un ṣe, kí ẹ tó fà á lé e lọ́wọ́, ẹ sọ pé: “Ọmọ mi, jọ̀ọ́, kọ́kọ́ bá mi kó ohun inú rẹ̀ sí ibòmíràn, kí o tó nu ohunkóhun.” Ó lè yọ hard disk, kí ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ó sì kó àwòrán yín jáde. Bí ó bá kọ̀ láìtilẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ gbé ẹrù yín, kí ẹ wá ẹlòmíràn lọ.

Èyí tó sàn jù ni pé kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó dé, ẹ ra flash kan, kí ọmọ bá yín da àwòrán ìdílé àti iṣẹ́ ilé ìwé sí i, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí aṣọ yín. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.