Koríko Tí Kò Mọ Ọjọ́ Ìsinmi

Àwọn àlejò tó bá dé ilé wa ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà, kì í pẹ́ béèrè iye tí a ná sórí gíríìnì kékeré tó wà ní ẹ̀yìnkùlé wa. Gíríìnì ni ibi tí koríko ti kúrú jù lọ lórí pápá gọ́ọ̀fù, níbi tí ihò wà, tí ènìyàn ti ń rọra gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Lójú tèmi, owó kọ́ ló yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè. Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀?

Ní ilé tiwa, bàbá ọkọ mi ni. Nígbà tí ìyá ọkọ mi di olóògbé, a mú bàbá wá láti Ìbàdàn kí wọ́n má baà dá gbé. Ṣùgbọ́n ohun tí a sá fún náà ló tún pàdé wọn níbí. Bí èmi àti ọkọ mi bá ti lọ síbi iṣẹ́, tí àwọn ọmọ sì wà ní ilé ẹ̀kọ́, wọn kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ àtipadà sílé. Bàbá ti gbá gọ́ọ̀fù fún ọ̀pọ̀ ọdún, láti ìgbà tó jẹ́ pé ìyanrìn tí a fi epo pò ló yí ihò ká lórí ọ̀pọ̀ pápá ilẹ̀ wa. Ìdí nìyẹn tí ọkọ mi fi dábàá iṣẹ́ náà.

Ìkòkò tí yóò jata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Amọ̀ pupa ni ilẹ̀ àdúgbò wa, omi kì í sì í tètè fà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbòǹgbò koríko yìí kò fẹ́ omi adágún. A gbẹ́ ilẹ̀ tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó sì gùn ní 20. A tẹ́ páìpù oníhò sí ìsàlẹ̀, a da òkúta wẹ́wẹ́ lé e ní íńṣì 4, a sì da ìyanrìn lé òkúta ní íńṣì 12. Ìyanrìn nìkan tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 12. A jẹ́ kí ojú rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí òjò lè ṣàn kúrò. Ní ti ihò, òfin ti sọ ìbú rẹ̀: íńṣì 4.25.

Tifdwarf ni a gbìn, irú koríko Bermuda kan tí wọ́n gbé jáde ní 1965 láti ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn ní Tifton, ní Georgia níbí. Apá kan ìran rẹ̀ wá láti gúúsù Áfíríkà. Nígbà tí mo sọ èyí fún bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ìyàwó wa, a jọ rìnrìn àjò náà ni."

Ìtọ́jú ló wá pọ̀ jù. Ẹ̀rọ ìgékoríko tí abẹ rẹ̀ ń yí bíi fáànù kò lè gé e kúrú tó; èyí tí abẹ rẹ̀ ń pàdé bí àlùmọ́gàjí ló yẹ ẹ́. Mílímítà 4 ni a ń gé e sí, a kò sì gbọdọ̀ gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, kó má baà kú. Bó bá ti ga tó mílímítà 6, ó ti tó gé nìyẹn, nítorí náà iṣẹ́ òwúrọ̀ ni nígbà ooru. Bàbá ń fọ́n ìyanrìn díẹ̀díẹ̀ sí ibi tó bá kótò. Wọ́n ń fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún ilẹ̀ kí atẹ́gùn lè dé gbòǹgbò. Wọ́n sì ń fọwọ́ tu èpò nígbà tó bá ṣì kéré, torí díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Nírọ̀lẹ́, aládùúgbò wa kan tó ti fẹ̀yìntì máa ń wá bá wọn díje. Nígbà òtútù, koríko náà á gbẹ, á sì sùn. Ìgbà náà ni bàbá ń lọ kí àwọn ẹbí ní Ìbàdàn. Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ ilé, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń padà kí koríko tó jí.

Koríko oníke wà fún ẹni tí kò ráyè, kò sì sí ẹ̀gàn nínú rẹ̀. Kì í béèrè omi, kì í béèrè abẹ. Bó bá ṣe pé òun ni a rà, bọ́ọ̀lù ìbá yí dáadáa, bàbá ìbá sì wà lórí àga níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wo inú ilé yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi. Bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ tí kò sì fẹ́ kó dilẹ̀, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó pe oníyanrìn.