Ẹyẹlé Nìkan Ò Tó Opó Ṣọ́jà

Ní gbogbo ọjọ́ 15, oṣù kìn-ín-ní, ètò kan náà là ń rí. Gómìnà á gbé òdòdó síbi ìrántí àwọn akọni tó ti kú, àwọn ṣọ́jà á yìnbọn sókè, wọ́n á tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀, àwọn opó á sì jókòó sábẹ́ àtíbàbà. Ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970 la fi ń ṣe é. Ọjọ́ 11, oṣù kọkànlá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò la ń bá wọn lò tẹ́lẹ̀. Èmi ò bá ẹyẹlé jà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé bí wọ́n bá ti ká àga kúrò ńlẹ̀, ó tún dìgbà tí ọdún bá yípo. Ìrẹsì tí wọ́n bá fún opó lọ́jọ́ náà, oore ni, ẹni tó ṣoore lónìí sì lè má ṣe é lọ́la. Òfin ni mo fẹ́. Ó yẹ kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ọ̀ṣun ṣòfin fún ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì, fún opó ṣọ́jà àti ọmọ tí ṣọ́jà fi sílẹ̀ lọ.

Ẹdẹ ló sì yẹ kí ariwo rẹ̀ ti kọ́kọ́ jáde. Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-iná tó tẹ ìlú náà dó kì í ṣe àgbẹ̀ tó ń wá ilẹ̀ ọlọ́ràá kiri. Aláàfin ló rán an wá kó wá dènà de àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń dá èrò lọ́nà, ibi tí jagunjagun náà pàgọ́ sí ló di ìlú. Títí dòní, ṣọ́jà ṣì ń gbé láàárín wa: àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ológun tó ń ṣe ọ̀nà àti afárá, bárékè wọn ò jìnnà. Bí wọ́n bá fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ wọn kì í lọ mọ́. Tífù ni o, Ìdọmà ni o, ọkùnrin náà á ra ilẹ̀, á kọ́ yàrá méjì sí i, ìyàwó á gbé tábìlì síta, àwọn ọmọ á máa sọ Yorùbá ju bàbá wọn lọ.

Èsì tí a máa ń gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ Abuja ni. Òótọ́ ni. Ìwé òfin ọdún 1999 fi ọ̀rọ̀ ológun àti owó ìfẹ̀yìntì wọn sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Abala 173 tilẹ̀ ní kí wọ́n máa tún owó ìfẹ̀yìntì yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá yí padà, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Síbẹ̀, ó lé lẹ́ẹ̀kan tí àwọn àgbà ṣọ́jà ti dí géètì iléeṣẹ́ ètò ìṣúná l'Abuja pa nítorí owó wọn. Ọ̀ṣun ò lè bá wọn yanjú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ta ló ni kóòtù tó ń fún opó níwèé ogún? Ta ló ni iléèwé girama? Ilẹ̀ ńkọ́, tí òfin ọdún 1978 kó sábẹ́ àṣẹ gómìnà?

Obìnrin kan ládùúgbò wa gbé ọ̀rá dúdú kan wá bá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ." Ìwé ìfẹ̀yìntì ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ti lẹ ọ̀rá mọ́ ọn, etí rẹ̀ kan ti ṣí, omi ti wọ̀ ọ́. Àmì-ẹ̀yẹ méjì wà nínú áńkáṣíìfù. Fọ́tò kékeré kan wà, ọkọ náà dé fìlà ṣọ́jà, ó fajú ro. Báńkì kan tí n kò ní dárúkọ ló kọ̀wé sí i pé òun ò lè san owó tó wà nínú àkáǹtì olóògbé àfi tó bá mú ìwé àṣẹ láti pín ogún wá láti kóòtù. Kóòtù ní kó mú oníduùró wá, kó san owó tí wọ́n ń ṣírò lára ohun tí olóògbé fi sílẹ̀. Ó ní kí lòun fẹ́ fi san án, nígbà tó jẹ́ owó yẹn gan-an lòun ń wá? Kò sẹ́ni tó rú òfin nínú gbogbo wọn o. Òfin náà ló ń ni ín lára.

Ibi tí ọwọ́ Ọ̀ṣun tó nìyẹn. Gbólóhùn kan péré nínú òfin tó láti sọ pé opó ṣọ́jà kò ní san owó ìwé ogún, àti iye ọ̀sẹ̀ tí ìwé náà gbọ́dọ̀ fi jáde. Gbólóhùn mìíràn ni pé ọmọ ṣọ́jà tó fìdí kalẹ̀ sí Ọ̀ṣun di ọmọ Ọ̀ṣun bó bá kan owó iléèwé, kí wọ́n má ṣe bi í ní ìlú bàbá rẹ̀ kó tó wọ fásitì ìjọba ìpínlẹ̀. Ìjọba tó gbé bàbá rẹ̀ kiri kò jẹ́ kó nílùú kan pàtó. Ẹni tí ogun sọ di aláàbọ̀ ara, kí wọ́n yọ ilé tó ń gbé kúrò nínú owó orí ilé.

Wọ́n ń ṣe é níbòmíràn. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ń gba ṣọ́jà, kì í ṣe Texas. Síbẹ̀ Texas, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí ní Houston, ní òfin kan tí wọ́n ń pè ní Hazlewood: ṣọ́jà ìpínlẹ̀ náà tó bá kúnjú òṣùwọ̀n lè kàwé ní fásitì ìjọba tó wákàtí ẹ̀kọ́ 150 láìsan owó ìkẹ́kọ̀ọ́, èyí tí kò bá lò, ó lè fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Wọn ò sọ pé ọ̀rọ̀ Washington ni.

Owó wá ńkọ́? Ìbéèrè yìí ló le jù. Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti gba àbọ̀ owó oṣù rí, tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ti sunkún sígboro, ẹnu wo ló máa fi ṣèlérí fún ṣọ́jà? Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ àwọn tó ń sọ pé kí Ọ̀ṣun máa fún wọn lówó oṣooṣù. Irọ́ ni yóò já sí. Ohun tí mò ń bèèrè kò mú owó jáde lápò ìjọba. Owó tí kò yẹ kó gbà lọ́wọ́ opó ni mo ní kó má gbà.

Ẹlòmíì á ní ṣebí ṣọ́jà ló ba orílẹ̀-èdè yìí jẹ́. Àwọn ọ̀gá tó gbàjọba kọ́ ni mò ń wí. Àwọn yẹn ò tò ní báńkì rí.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ààbò gbóná, Ilé Aṣòfin Ọ̀ṣun kan náà ṣòfin ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn lọ́dún 2020 láàárín oṣù díẹ̀, kò dúró de Abuja. Ọmọ ilé náà 26 ni. Àríwá Ẹdẹ ní àga kan níbẹ̀, Gúúsù Ẹdẹ ní ọ̀kan. Ẹ̀yin aṣòfin méjèèjì, ẹ gbé àbádòfin yìí wọlé kí ẹyẹlé tó tún fò. Fọ́tòkọ́pì gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá yẹn wà lọ́wọ́ mi, obìnrin náà sì ti ní kí n fi han ẹni tó bá bèèrè.