Ìrìn-àjò Ìbéèrè Láti Fìdítì

Bí ọmọ ilé-ìwé kan ní Fìdítì tàbí Ìlọrà bá ti orí fóònù béèrè èsì ìdánwò rẹ̀, tí ojú fóònù náà kàn ń yí gbirigbiri tí kò dá a lóhùn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni yóò kọ́kọ́ bú. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn oníṣẹ́ dátábéèsì, ẹjọ́ mìíràn ni wọ́n ń rò, pé ìbéèrè SQL tí a kọ sínú pírógíráàmù gan-an ni ó ń fa iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, àti pé ì bá yára bí a bá ti tọ́jú rẹ̀ sínú dátábéèsì gẹ́gẹ́ bí stored procedure.

Nígbà kan rí, àwọn tí ń sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Nígbà náà, SQL Server ti Microsoft a máa tọ́jú àbọ̀ ètò ìdáhùn, ìyẹn ọ̀nà tí yóò gbà wá èsì jáde, fún stored procedure, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìbéèrè tí ó bá ti ìta wá. Àmọ́ láti ìgbà tí ẹ̀dà 7.0 ti jáde ní 1998, ti gbogbo wọn ni ó ń fi sí ìrántí, tí ó sì ń tún lò. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Ohun tí ó kù ni pé kí òǹkọ̀wé pírógíráàmù má ṣe lẹ nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ara ìbéèrè, nítorí bí ó bá lẹ̀ ẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan di ìbéèrè tuntun, ó sì tún ṣílẹ̀kùn fún olè. Kí ó fi àyè sílẹ̀ fún nọ́ńbà náà, ètò kan yóò sì tó gbogbo wọn. Ẹni tí ó sì ń jà lórí ibi tí a kọ ìbéèrè sí, nígbà tí tébù rẹ̀ kò ní índẹ́ẹ̀sì tí yóò fi tètè rí ohun tí a ń wá, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá.

Ibi tí stored procedure ti borí ní tòótọ́ ni ọ̀nà jíjìn. Alájàpá tí ó ti Ìbàdàn wá ra ọsàn ní Fìdítì kì í ra ẹyọ kan lọ sílé kí ó tó padà wá ra èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ tí ó gba ìbéèrè márùn-ún tí ó tẹ̀lé ara wọn, bí a bá kó wọn jọ sínú dátábéèsì, ìrìn-àjò kan ṣoṣo ni yóò rìn dé ọ̀dọ̀ sáfà tí ó lè wà ní Èkó tàbí òkè òkun. Fún ìbéèrè ẹyọ kan, kò sí èrè kankan níbẹ̀.

Stored procedure tilẹ̀ lè di àdánù. Bí ẹni àkọ́kọ́ tí ó pè é bá béèrè orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Afijió, ìjọba ìbílẹ̀ tí Fìdítì wà, tí wọn kò pọ̀, ètò tí ó bá ìwọ̀nba ènìyàn mu ni SQL Server yóò yàn, òun kan náà ni ó sì lè gbé jáde nígbà tí ẹlòmíràn bá béèrè gbogbo ti Èkó. Àrùn yìí kò sì yọ ìbéèrè inú pírógíráàmù sílẹ̀, bí òun náà bá fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. A lè pàṣẹ pé kí ó máa ṣe ètò tuntun nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n àkókò tí yóò fi ṣe é, dandan ni kí ẹni tí ó béèrè dúró dè é.